Ẹ̀rín àti Àánú: Lórí Ère Ajá Apanilẹ́rìn-ín

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àṣà kan wà tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè kà sí eré ọmọdé. Ẹnì kan a jókòó ti amọ̀, tàbí irun àgùntàn, tàbí pépà tí a rẹ sómi tí a sì fi àtè lẹ̀ pọ̀, a sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ère ajá kan tí etí rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbàgbé ìkòkò sórí iná. Àwọn tí ó bá rí i a rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú wọn a rà á, tàbí kí a lù ú ní gbàǹjo, owó rẹ̀ a sì lọ sí ilé tí a gbé ń tọ́jú àwọn ajá tí kò ní olówó.

Irú iṣẹ́ báyìí kì í sábà dé iwájú àwọn aláríwísí. Àwọn tí ó fẹ́ràn ọnà ńláńlá kà á sí ohun ẹ̀ṣọ́ orí tábìlì; àwọn tí ó fẹ́ràn ajá kà á sí ọ̀nà àtirówó. Tọ̀tún tòsì ni wọ́n ka ẹ̀rín inú rẹ̀ sí ìpanu lásán. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀rín náà ni oúnjẹ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ẹ̀rín kan wà tí ó ń ta ajá. Ẹ̀rín kan sì wà tí ó gba ara ajá kọjá, tí ó lọ ta ènìyàn. Èkejì yìí ni ó lè bí àánú, òun ni ó sì yẹ kí a fi wọn ère ajá kí a tó wí pé ó dára tàbí pé kò dára.

Ẹkún àti Ìbínú

Ní ọdún 1860 ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Tealby dá ilé kan sílẹ̀ ní Holloway, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn ajá tí ó sọnù àti àwọn tí ebi ń pa kiri ìgboro. Ní 1871 ilé náà kó lọ sí Battersea, orúkọ àdúgbò yìí ni a sì fi mọ̀ ọ́n títí di òní. Nígbà tí a dá a sílẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn kan fi í ṣe ẹlẹ́yà. Lójú tiwọn, àánú tí ó dé ọ̀dọ̀ ajá ti ṣìnà. Ìwé ìròyìn tí Charles Dickens ń darí, All the Year Round, ni ó gbè é lẹ́yìn ní 1862, nígbà tí ó gbé ìpàtẹ àwọn ajá olówó iyebíye àti ilé àwọn ajá aláìní ti Holloway kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí òǹkàwé fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí: ọwọ́ àwọn alátakò ni ẹ̀rín kọ́kọ́ wà.

Nítorí náà kò yani lẹ́nu pé àwọn oníṣọ̀nà tí ó fẹ́ràn ajá nígbà náà sá fún ẹ̀rín. Omijé ni wọ́n mú. Edwin Landseer ti ya ajá ńlá kan tí ó dùbúlẹ̀ létí omi bí ìjòyè tí ó jókòó sórí ìtẹ́, ó sì fi hàn ní 1838 pẹ̀lú orúkọ tí ó sọ ajá náà di ọmọ ẹgbẹ́ pàtàkì nínú àwọn tí ń yọ ènìyàn lọ́wọ́ ikú omi. Ní Edinburgh, ní 1873, William Brodie fi idẹ ṣe ère ajá kékeré kan, Greyfriars Bobby, tí ìtàn sọ pé ó ṣọ́ sàárè olówó rẹ̀ fún ọdún 14. Angela Burdett-Coutts, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí ó fẹ́ràn ẹranko, ni ó san owó rẹ̀. Títí di òní ni àwọn àlejò ń lọ wò ó.

Lẹ́yìn ẹkún ni ìbínú dé. Ní 1906, ní Battersea kan náà, a gbé ère ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan ró láti tako àwọn oníṣègùn tí ń la ẹran láàyè fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sára rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi dá ìjà ìgboro sílẹ̀ ní 1907. Ní 1910, àwọn aláṣẹ àdúgbò gbé ère náà kúrò lóru. Ọdún 1985 ni a tó gbé òmíràn, iṣẹ́ Nicola Hicks, sí ọgbà ìgbafẹ́ Battersea.

Kò sí ẹni tí yóò wí pé iṣẹ́ wọ̀nyí kò níyì. Ṣùgbọ́n bí a bá wò wọ́n dáadáa, a ó rí i pé ajá tí wọ́n bu ọlá fún kì í ṣe ajá tí ó wà nínú ilé Holloway. Ajá Landseer jẹ́ akọni. Bobby jẹ́ olóòótọ́ ìránṣẹ́. Ajá Battersea jẹ́ ajẹ́rìíkú. Ajá tí a mú wá láti ìgboro kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ omi. Kò ṣọ́ sàárè. Ó lè jẹ́ pé bàtà olówó rẹ̀ ni ó jẹ tí a fi lé e jáde, tàbí pé ó dàgbà, tàbí pé ó ń gbó lóru. Ẹkún ń béèrè pé kí ajá kọ́kọ́ ṣe ohun ńlá kí a tó ṣàánú rẹ̀. Ìbínú ń béèrè pé kí a kọ́kọ́ fi ìyà ńlá jẹ ẹ́. Ta ni yóò wá gba ẹjọ́ ajá tí kò ṣe nǹkan kan ju pé ó jẹ́ ajá lọ? Ẹ̀rín ni.

Ajá tí Kò Ní Ẹnu

Bí a bá ń wá ère ajá apanilẹ́rìn-ín tí ó pé, kò sí èyí tí a lè gbé ju Gromit lọ. Nick Park ni ó dá a. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Park nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sinimá A Grand Day Out ní 1982. Ilé-iṣẹ́ Aardman ní ìlú Bristol ni ó ti parí rẹ̀, ó sì jáde ní 1989. Amọ̀ aláwọ̀ tí kì í gbẹ ni a fi mọ ajá náà. A ń fi ìka sún un díẹ̀díẹ̀, a ń yà á ní fọ́tò, a tún ń sún un, títí tí àwòrán 24 yóò fi kọjá lójú òǹwòran ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí yóò sì dà bí ẹni pé amọ̀ ń rìn. Ológbò ni Park kọ́kọ́ fẹ́ ṣe. Ó yí i padà sí ajá nítorí pé ajá rọrùn láti fi amọ̀ mọ. Ó tún rò ó pé kí ajá náà máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé òkè ojú nìkan tó láti fi èrò inú rẹ̀ hàn, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Gromit kò ní ẹnu rárá.

Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nìyí. Ìwọ̀nba amọ̀ tí ó wà lókè ojú méjèèjì ni gbogbo èdè tí ajá yìí ní. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ó ń bínú. Bí a bá gbé igun kan sókè, ó ń ṣiyè méjì. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án rárá, ó ti sú u. Ohun tí ó sì ń sú u nígbà gbogbo ni Wallace, olówó rẹ̀, ọkùnrin onínúure tí ń rọ ẹ̀rọ tí kò wúlò. Nínú The Wrong Trousers (1993), Wallace fún ajá rẹ̀ ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí: ṣòkòtò onírin tí yóò máa mú ajá náà rìn kiri, kí olówó rẹ̀ má baà ní láti jáde. Ẹ̀bùn tí a fún ajá ni, ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn olówó ni ó wà fún. Òǹwòran rẹ́rìn-ín, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ẹ̀rín náà. Nígbà tí ó yá, owó tán lọ́wọ́ Wallace, ó gba ayálégbé kan sílé, ẹyẹ penguin kan tí ó jẹ́ olè. Ẹyẹ náà gba yàrá ajá, ó sì gba ipò rẹ̀ lọ́kàn olówó. Gromit di ẹrù rẹ̀, ó fi ilé sílẹ̀.

Ní àkókò díẹ̀ yìí, ajá tí ó ti ń pa wá lẹ́rìn-ín di ajá aláìnílé, a kò sì ní láti gbọ́ ìwàásù kankan kí a tó mọ bí ajá ṣe ń dé ìgboro. Kò sí ẹni tí ó lù ú, Wallace kì í sì í ṣe ìkà. Ó kàn jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ yí sí ohun tuntun ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ajá tí ó wà nínú ilé ìtọ́jú ni ó gba ọ̀nà yìí dé ibẹ̀, ẹkún Landseer kò sì lè sọ ọ́, nítorí pé ẹkún nílò òkú tàbí akọni.

Park ti dán irú ẹ̀rín yìí wò nínú Creature Comforts, tí òun náà jáde ní 1989. Ó gba ohùn àwọn ènìyàn lásán sílẹ̀ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí wọ́n ń gbé, ó sì fi ohùn wọn sẹ́nu àwọn ẹranko amọ̀ nínú ọgbà ẹranko. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Brazil tí òtútù àti àìsí àyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sú. Ohùn rẹ̀ di ohùn ẹranko ńlá kan bí ẹkùn. A rẹ́rìn-ín nítorí ohùn náà bá ara mu jù. Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wo àgò náà.

Ẹ fi èyí wé àwọn àwòrán tí C. M. Coolidge yà ní Amẹ́ríkà láti 1903 fún ìpolówó ọjà, níbi tí àwọn ajá gbé jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń ta káàdì tí wọ́n sì ń fa sìgá. Wọ́n pani lẹ́rìn-ín, òótọ́ ni, ẹ̀rín wọn sì ń ta ọkùnrin olóhun-jẹ-n-mu. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ajá kúrò tí a fi ọ̀bọ sí i, ohunkóhun kò yí padà. Ajá kò sí níbẹ̀. Aṣọ ni ó jẹ́ fún ẹ̀fẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀rín ta ènìyàn nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ gba ara ajá gidi kọjá.

Ìka Ọwọ́

Ní 1913 pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ọdún, èyí ni 2013, àwọn ère Gromit 80 dúró káàkiri ìgboro Bristol. Faibagíláàsì ni a fi ṣe wọ́n, oníṣọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sì kun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, a lù wọ́n ní gbàǹjo, owó tí ó wọlé lé ní £2,000,000, ó sì lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ìlú náà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ní New York, a lu ère ajá mìíràn ní gbàǹjo: Balloon Dog (Orange) ti Jeff Koons, tí ó jọ ajá tí a fi bàlúù gígùn lọ́ fún ọmọdé, ṣùgbọ́n tí a fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, tí a sì dán bí dígí. Iye tí a tà á ni $58,400,000.

Iye owó kò lè dájọ́ láàrin méjèèjì. Ojú ni ó lè dá a. Ajá Koons ga, ó ń dán, kò sí àmì ọwọ́ kan lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn yóò rí ojú ara rẹ̀ nínú irin. Àwọn kan yóò wí pé ènìyàn ni ẹ̀rín rẹ̀ ń ta nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ebi lè pa nínú rẹ̀. Ó yẹ kí a ṣe òdodo sí Koons: ajá rẹ̀ kejì, Puppy, tí ó ṣe ní 1992, tí ó sì ti dúró níwájú ilé ọnà Guggenheim ní Bilbao láti 1997, ga ju mítà 12 lọ, òdòdó ààyè ni ó sì fi bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni a ń pààrọ̀ àwọn òdòdó náà, a sì gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín. Bí a bá pa á tì, yóò kú. Èyí súnmọ́ ajá gidi ju bàlúù onírin lọ.

Àwọn Gromit Bristol pàápàá sọ ohun kan nù. Lára Gromit inú sinimá, ẹni tí ojú rẹ̀ bá mú yóò rí àmì ìka ẹni tí ó mọ ọ́n, tí ń yọ tí ń wọ̀ láti àwòrán kan sí èkejì. Ìka náà ń sọ pé ẹnì kan ń tọ́jú ajá yìí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Faibagíláàsì pa àmì náà rẹ́. Ibí ni ère kékeré tí a fi ọwọ́ ṣe nílé gbé borí àwọn ńláńlá. Ẹni tí ń fi irun àgùntàn ṣe ajá ń fi abẹ́rẹ́ tí a gé eyín sí lára gún un léraléra títí irun náà yóò fi dì. Ẹni tí ń fi amọ̀ ṣe é gbọ́dọ̀ gbẹ́ inú rẹ̀ kí iná má baà là á, etí a sì máa tẹ̀ bí amọ̀ bá ti ń gbẹ. Àbùkù ń wọlé. Kì í ṣe gbogbo àbùkù ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́: ajá tí etí rẹ̀ kan dúró tí èkejì wó lulẹ̀ jọ àwọn ajá ìgboro ju ajá tí a fi òṣùwọ̀n wọn lọ.

Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ ya wíwọ́ tí ó ti inú wíwò wá sọ́tọ̀ kúrò lára wíwọ́ tí ó ti inú àìmọ̀ wá. Ajá kan jókòó, ó fi ìdí rẹ̀ gba ìlàjì ilẹ̀kùn, ó yí orí padà bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ni a ń bá wí: ẹni tí ó ṣe èyí ti wo ajá. Ajá mìíràn wọ fìlà àti awò ojú, omijé sì kún ojú rẹ̀ tí ó tóbi bí ọsàn: ẹni tí ó ṣe èyí ti wo ọjà.

Àṣìṣe kan wà tí ó burú ju èyí lọ. Àwọn ajá kan wà tí a ti sìn fún ìran púpọ̀ kí imú wọn lè wọlé kí ojú wọn sì pẹlẹbẹ, bíi pug àti bulldog ilẹ̀ Faransé. Ojú wọn ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú náà gan-an ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn mí dáadáa. Oníṣọ̀nà tí ó bá ń tẹ imú wọn wọlé sí i kí a lè rẹ́rìn-ín ń fi àìsàn ajá ṣe ẹ̀fẹ̀, ó sì ń mú kí àwọn ènìyàn túbọ̀ fẹ́ irú ajá bẹ́ẹ̀. Bí ó tilẹ̀ fi gbogbo owó rẹ̀ fún ilé ìtọ́jú, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti mú ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi sílẹ̀.

Òṣùwọ̀n Yorùbá

Òṣùwọ̀n tí a ń lò yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí Robert Farris Thompson tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1973 lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣe àríwísí iṣẹ́ ọnà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu wọn ni jíjọra: kí ère jọ ẹni tí a ń gbẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Ère Gromit wà ní àárín náà gan-an. Balloon Dog kò dé ibẹ̀. Àwọn ajá idẹ ìgbà Landseer kọjá ibẹ̀.

Ní ti ẹ̀rín, alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tí ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa ti kọ́ wa pé a lè fi ẹ̀rín tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù ni orúkọ tí àwọn àgbà ń sọ ajá. Tanímọ̀la, Ẹ̀yìnlàárò: kì í ṣe ajá ni a ń bá wí. Olówó ajá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a pe ajá rẹ̀ kíkankíkan nígbà tí aládùúgbò tí ó ṣẹ̀ ẹ́ bá ń kọjá. Ajá a ju ìrù, aládùúgbò a gbọ́ tirẹ̀. Ajá ni ẹnu, ènìyàn ni àfojúsùn. Ẹni tí ó gbọ́n orúkọ báyìí kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí Gromit.

A lè jiyàn pé ìran tí ń fi ajá bọ Ògún kò ní ohun tí yóò bá ilé Battersea sọ. Iyàn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí ó ti dún. Ohun tí a fi ń bọ òrìṣà kì í ṣe ohun tí a kà sí yẹpẹrẹ, ọdẹ tí ń júbà Ògún yìí kan náà ni ó sì ń fún ajá rẹ̀ ní orúkọ tí ó gùn bí oríkì nínú àwọn àlọ́ wa. Ohun tí ó yẹ kí a tún wò ni òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe náà dára fún ọmọ aláìgbọràn, ṣùgbọ́n ọrùn ajá ni ó gbé gbogbo ẹ̀bi kà. Kò béèrè bóyá ọdẹ fọn fèrè. Ère ajá tí ó pani lẹ́rìn-ín dáadáa a máa béèrè é. Wallace kò fọn fèrè. Ó ń bá ayálégbé rẹ̀ ṣeré.

Ìdájọ́

Ó kù ìbéèrè kan tí kò yẹ kí a fò. Ǹjẹ́ ẹni tí ó ra ère ajá kò ti fi amọ̀ dípò ajá? Ère kì í jẹun, kì í ṣàìsàn, kì í gbó lóru. Ó rọrùn láti fẹ́ràn. Òtítọ́ ni pé àwọn kan yóò ra ère kí wọ́n má baà gba ajá. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n san ti di oúnjẹ àti oògùn fún ajá tí ó wà láàyè, ohun tí ẹ̀rín sì ti ṣí lọ́kàn ènìyàn kì í sábà padé bọ̀rọ̀.

Kí a má fi iye owó tí iṣẹ́ ọnà mú wá pe ohun búburú ní rere. Kí a má sì fi kékeré tí iṣẹ́ ọnà jẹ́ pe ohun rere ní yẹpẹrẹ. Àwọn ère ńlá Bristol ṣe ìtọ́jú ọmọ ènìyàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ère kékeré tí a mọ nílé fún ilé àwọn ajá ní iyì kan tí wọn kò ní: ẹni tí a ń rí ni ẹni tí a ń tọrọ fún. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dán òṣùwọ̀n yìí wò lè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní amọ̀, kí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ajá kan ní àdúgbò fún wákàtí kan kí wọ́n tó mọ ọ́n. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, kí ó má béèrè pé èwo ni ó dára jù. Kí ó béèrè pé, nígbà tí kíláàsì rẹ́rìn-ín, ta ni ẹ̀rín náà bá.